Òṣùká Ogun: Ta Ni Ó Ru Oúnjẹ Jagunjagun?

Ère kan wà ní Ìdúmọ̀tà láyé ìjọba amúnisìn tí àwọn ará Èkó ń pè ní Sójà Ìdúmọ̀tà. Ìjọba gbé e kalẹ̀ ní ìrántí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bá ogun àgbáyé kìíní lọ. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ènìyàn méjì ni ère náà. Ọ̀kan jẹ́ sójà. Èkejì jẹ́ aláàárù, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n fi orí ru oúnjẹ àti ọta ìbọn tẹ̀lé àwọn ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n ahọ́n Èkó kò rí ẹnì kejì. Sójà ni a fi sọ ibẹ̀ lórúkọ. Ẹni tí ó ru ẹrù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìlórúkọ, títí ère náà fi kúrò níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ jíròrò nínú àròkọ yìí ni pé àṣìṣe ahọ́n Èkó yìí kì í ṣe ti Èkó nìkan. Òun náà ni àṣìṣe àwọn ìwé wa. Nígbà tí òǹkọ̀wé bá mú kálàmù láti kọ ìtàn ogun, ìbọn ni ojú rẹ̀ máa ń lọ bá. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó máa ń bi ara rẹ̀ pé: ta ni ó bọ́ ẹni tí ó di ìbọn mú? Ọ̀nà wo ni oúnjẹ náà gbà dé? Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́ nínú ilé, ó jẹ́ òtítọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ ogun tí wọ́n gbé sọdá òkun lọ sí ilẹ̀ tí kò ní oko, tí kò ní ìyá, tí kò sì gbọ́ èdè ará ibẹ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ó tọ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Mushin, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1975, bàbá kan ń gbé ní ojúlé kejì sí tiwa. Bàbá Bọ́mà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́, àwa ọmọdé a máa jókòó tì í lórí àga gbọọrọ tí ó wà níwájú ilé, a ó ní kí ó sọ iye ará Jàpáànù tí ó pa fún wa. Bàbá a rẹ́rìn-ín, a ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, n kò pa ẹnì kankan o. Ẹrù ni mo rù.” Àpótí ọta ni, àpò ìrẹsì ni, ẹni tí ọta bà tí kò lè rìn ni. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ wa nínú. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wa fi orin ṣe é, ó ń pè é ní aláàárù Ọba Gẹ̀ẹ́sì, àwa yòókù sì gbè é. Èmi náà gbè é. Bàbá gbọ́. Kò bá wa wí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò sọ ìtàn Bọ́mà fún wa mọ́. Kí n tó gbọ́n tó láti lọ tọrọ àforíjì, bàbá ti kú. Ìdí nìyí tí àròkọ yìí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán lọ́dọ̀ mi.

Kí a tó dá ìwé kankan lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ bí ìpèsè fún ọmọ ogun òkèèrè ti rí. Iṣẹ́ àtijọ́ ni. Láyé tí afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń ti ọkọ̀ ojú omi, àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù ti mọ̀ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ó bá ru oúnjẹ sọdá òkun ní àkókò ogun, ẹran ìjẹ ni fún ọ̀tá àti fún ọlọ́ṣà. Wọ́n a kó ọkọ̀ ẹrù jọ sí èbúté kan, wọ́n a dúró de afẹ́fẹ́ tí ó tọ́, ọkọ̀ ogun a wá ṣíwájú, òmíràn a tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, gbogbo wọn a sì máa lọ bí agbo ẹran tí darandaran ń dà. Òfin ọ̀wọ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tí ó lọ́ra jù ni ó ń pinnu ìrìn gbogbo wọn. Ọkọ̀ tí ó yára gbọ́dọ̀ dín eré kù, nítorí èyí tí ó bá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ti di ti ọ̀tá.

Àpẹẹrẹ tí ó fi agbára àti àìlera ètò yìí hàn jù ni ogun tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1775 sí 1783. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rò pé àwọn ọmọ ogun wọn yóò máa rí oúnjẹ rà tàbí kí wọ́n gbà á ní Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn sójà wọn lè dé láìséwu kò ju ìlú etíkun lọ, oko sì wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń bá jà. Láti èbúté Cork ní ilẹ̀ Ireland ni wọ́n ti ń kó ẹran oníyọ̀, bọ́tà, ìyẹ̀fun àti bísíkíìtì líle sọdá òkun Àtìláńtíìkì. Afẹ́fẹ́ òkun náà láti ìwọ̀-oòrùn ni ó máa ń fẹ́, nítorí náà ojú ni wọ́n ń kọ sí i, ìrìn oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì ni. Ní ìgbà òtútù 1775 sí 1776, ìjì tú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n rán lọ sí Boston ká. Àwọn kan bá ara wọn ní erékùṣù Karíbíànì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn lọ, ọ̀pọ̀ ẹran ààyè tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ sì kú lójú omi. Ní oṣù kẹsàn-án 1781, ọkọ̀ ogun Faransé dí ẹnu òkun Chesapeake. Cornwallis, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Yorktown, ń retí ọkọ̀ tí kò lè dé mọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún náà, ó túúbá. Ìbọn àwọn ọ̀tá rẹ̀ ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà oúnjẹ àti ìrànlọ́wọ́ tí ó dí ni kò jẹ́ kí ó rí ibi sá sí.

Òkun tiwa náà mọ iṣẹ́ yìí. Láti 1808 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń rìn ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti dènà òwò ẹrú, tí Freetown sì jẹ́ ibùdó wọn. Omi mímu, igi ìdáná, iṣu àti àwọn ọmọ Kúrú tí wọ́n mọ ọkọ̀ wà, etíkun yìí ni ó ń pèsè wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1851, nígbà tí Bruce kó ọkọ̀ ogun wá bá Kòsọ́kọ́ jà ní Èkó, àwọn ọkọ̀ ńlá rẹ̀, Penelope àti Sampson, kò lè kọjá iyanrìn tí ó dí ẹnu ọ̀sà. Ìta ni wọ́n dúró. Bloodhound àti Teazer tí wọ́n kéré ni wọ́n wọlé pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ àtukọ̀ wẹ́wẹ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì fi ìdí gúnlẹ̀ lórí iyanrìn lábẹ́ ọta ìbọn àwọn ará Èkó. Ó pẹ́ kí Kòsọ́kọ́ tó sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ ju bí àwọn tí wọ́n rán ọkọ̀ náà ti rò lọ.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú iyanrìn Èkó yìí tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fi sọ́kàn. Bí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ti wù kí ó lágbára tó, etí omi ni agbára rẹ̀ pin sí. Ọkọ̀ lè gbé ẹrù rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibùsọ̀. Ibùsọ̀ díẹ̀ tí ó kẹ́yìn, orí ènìyàn ni yóò rù ú. Níbi tí ìgbòkun ti parí iṣẹ́ ni òṣùká ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àwọn baba wa kò mọ èyí. Wọ́n mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n fi í pa ènìyàn. Nínú ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ẹ̀sùn tí Látòósà fi kan Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ní 1874 jẹ́ mẹ́ta: pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi ohun ìpèsè ránṣẹ́ nígbà tí òun wà lójú ogun, pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀sùn kejì yẹn dáadáa. Ìyálóde kì í ṣe oyè afẹ́ lásán. Obìnrin tí ó ní oko ńlá, tí ó ní ẹrú, tí ó ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn ológun, òun ni agbẹ̀du ogun Ìbàdàn. Bí ó bá di agbẹ̀du náà pa, ogun a fà sẹ́yìn. Ní Abẹ́òkúta, ìdí kan náà ni ó gbé Ẹfúnróyè Tinúubú dé ipò Ìyálóde ní 1864: ó pèsè ohun ìjà fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà tí Dahomey wá kọlù wọ́n. Ohun tí ó gbé ọ̀kan dé orí oyè ni àìsí rẹ̀ rọ èkejì lóyè.

Ṣùgbọ́n kí ni lítíréṣọ̀ ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí? Akínwùmí Ìṣọ̀lá, nínú eré-onítàn rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù, Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970), gbé obìnrin kan kalẹ̀ tí ìbànújẹ́ ọmọ sọ di òǹrorò. Ikú Adétútù, ẹrúbìnrin tí ó lóyún, ni ó mú gbogbo ìlú dìde sí i. Eré náà dára. Mo ti kọ́ ọ ní kíláàsì ní Akọkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì tí ì rí ọdún kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ọkàn bá a lọ. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ohun tí ó sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ̀sùn ìpèsè ti di ẹ̀sùn ìwà. Olùpèsè ogun ti di ìkà obìnrin. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ka eré náà tán, ó mọ bí Ẹfúnṣetán ti ń ṣe sí ẹrú rẹ̀. Kò mọ̀ pé láìsí oko Ẹfúnṣetán, àwọn olóyè tí wọ́n wá ká a mọ́lé náà ì bá má rí nǹkan gbé lọ sógun. N kò dá òǹkọ̀wé lẹ́bi pé ó yan èyí tí ó bá orí ìtàgé mu. Ohun tí mò ń sọ ni pé yíyàn ni, gbogbo yíyàn ni ó sì ní ohun tí ó ń fi sílẹ̀.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ sí Bọ́mà. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ọ̀wọ́ ọkọ̀ padà sí òkun wa. Ẹ́ńjìnnì ti gba ipò ìgbòkun, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì ti gba ipò ọlọ́ṣà, ṣùgbọ́n òfin àtijọ́ kò yí padà: kí wọ́n kóra jọ, kí ọkọ̀ ogun yí wọn ká, kí ẹni tí ó yára dúró de ẹni tí ó lọ́ra. Freetown ni ọ̀kan nínú ibùdó tí wọ́n ti ń kóra jọ. Ní 1940, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Kenya. Wọ́n gba ìsàlẹ̀ Gúúsù Áfíríkà yí po, ọ̀nà kan náà tí àwọn onígbòkun gbà ní ayé àtijọ́, láti lọ bá àwọn ará Ítálì jà. Láti 1943, ó di ti Íńdíà àti Bọ́mà. Bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni a gbọ́ pé wọ́n bá ogun náà dé Éṣíà.

Ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì ni a dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ní 1943, ẹgbẹ́ 81 àti ẹgbẹ́ 82. Aláǹtakùn ni àmì ẹgbẹ́ 81. Àmì ẹgbẹ́ 82 ni mo fẹ́ kí a tẹjú mọ́: ọ̀kọ̀ méjì tí wọ́n dábùú ara wọn la òṣùká aláàárù kọjá. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni pé ọ̀dọ̀ àwọn aláàárù wa ni agbára ìjà wa ti ń wá. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí padà! Ohun tí Èkó kò rí lára ère Ìdúmọ̀tà, ohun tí àwa ọmọ Mushin fi ṣe orin ẹ̀gàn, àwọn ológun gbé e sí èjìká aṣọ wọn. Wọ́n ní ìdí. Ní àfonífojì Kaladan, níbi tí ẹgbẹ́ 81 ti jà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944, kò sí ọ̀nà mọ́tò gidi. Àwọn ọmọ ogun náà fúnra wọn ni wọ́n fi ọwọ́ la ọ̀nà gba orí òkè. Wọ́n pè é ní Ọ̀nà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí àpò ìrẹsì bá sì ti balẹ̀ sínú igbó, orí ni yóò gbé e. Láti èbúté dé òpin ìrìn, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfuurufú, gbogbo wọn ń fi ẹrù lé ara wọn lọ́wọ́, òṣùká ni ó sì ń gba ti ìkẹyìn.

Ìwé méjì ni mo fẹ́ fi wé ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni ìtàn ìgbésí-ayé tí Isaac Fádoyèbò kọ, A Stroke of Unbelievable Luck, tí David Killingray ṣe olótùú rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ní 1999. Ọmọ Emùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ni Fádoyèbò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó wà nígbà tí ó wọṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1942, láìsọ fún àwọn òbí rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n yàn án sí. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ará Jàpáànù ba dè wọ́n ní etí odò Kaladan. Ọta fọ́ egungun itan rẹ̀, ó sì bà á níkùn. Ó bá ara rẹ̀ nínú igbó pẹ̀lú David Kargbo, ọmọ Sierra Leone tí òun náà fara gbọgbẹ́. Ẹgbẹ́ ogun wọn ti lọ. Àwọn àgbẹ̀ mùsùlùmí abúlé kan tí ó wà nítòsí ni wọ́n rí wọn, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Nígbà tí ó ṣe, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Shuyiman gbé wọn sínú ilé tirẹ̀, ó fi wọ́n pamọ́ fún àwọn ará Jàpáànù títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù kejìlá ọdún náà. Bí àṣírí bá tú, ikú ni fún òun, fún aya rẹ̀ àti fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì Fádoyèbò kò ní ọ̀ṣọ́. Bí akọ̀wé ìjọba tí ń kọ ìròyìn ni ó ń kọ̀wé, iṣẹ́ ìjọba ni ó sì padà wá ṣe lẹ́yìn ogun. Àwọn kan lè ka èyí sí àbùkù. Lójú tèmi, òun ni iyì ìwé náà. Kò sọ ara rẹ̀ di akọni. Ó sọ ibi tí ó ti ń dùn ún, ó sọ ohun tí ó jẹ, ó sọ ẹni tí ó gbé e wá. Nítorí bẹ́ẹ̀, láìmọ̀, ó kọ ìwé tí ó dára jù tí mo mọ̀ lórí ìpèsè ogun. Gbogbo ẹ̀rọ ńlá tí ó gbé ọmọ Emùré-Ilé dé Kaladan, ọ̀wọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ ojú irin, bàálù, gbogbo rẹ̀ já ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tí ó kù ni ọwọ́ àgbẹ̀ tí kò ní oúnjẹ tó tirẹ̀, tí kò sì sí nínú ìwé owó oṣù ìjọba kankan. Ìyẹn ni ibùsọ̀ tí ó kẹ́yìn nínú gbogbo ibùsọ̀ ìkẹyìn.

Ibi tí mo ti bá ìwé náà jà ni àkọlé rẹ̀. Oríire tí kò ṣeé gbàgbọ́ ni Fádoyèbò pe ohun tí ó gbà á là. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá; Yorùbá tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ikú, orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kì í se ìrẹsì. Orí kì í dìde lóru lọ wo bóyá ọ̀tá ń bọ̀. Àwọn àgbà wa kan náà tí wọ́n kọ́ wa ní orí ni wọ́n kọ́ wa pé ènìyàn ni aṣọ. Àkọlé náà fi ìyìn fún orí, ó gbà á lọ́wọ́ ènìyàn, bí ahọ́n Èkó ti gbà á lọ́wọ́ aláàárù Ìdúmọ̀tà. Èyí tí ó wú mi lórí ni pé Fádoyèbò fúnra rẹ̀ ni ó tún un ṣe. Ní 2011, nígbà tí oníròyìn Barnaby Phillips ń ṣe fíìmù nípa rẹ̀, bàbá náà kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ kan, ó fi rán an sí ìdílé Shuyiman. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n Phillips rí ìdílé rẹ̀, ó fi lẹ́tà náà jíṣẹ́. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Fádoyèbò kú. Ìtàn náà wà nínú ìwé tí Phillips kọ ní 2014, Another Man's War. Lójú mi, lẹ́tà náà ni orí ìkẹyìn ìwé 1999, ó sì ju àkọlé rẹ̀ lọ.

Ìwé kejì ni ìtàn àròsọ Bíyí Bándélé, Burma Boy, tí ó jáde ní 2007. Bàbá Bándélé bá wọn jà ní Bọ́mà, ẹnu rẹ̀ sì ni ọmọ náà ti gbọ́ ìtàn ogun. Lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bá Wingate wọ ẹ̀yìn ọ̀tá ní 1944 ni ìwé náà dá lé. Bí a bá ń sọ nípa iṣẹ́ ọnà, Bándélé ju Fádoyèbò lọ ní ọ̀nà púpọ̀. Ali Banana, ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọdé, ń sọ̀rọ̀, ń purọ́, ń bẹ̀rù, ń dàgbà lójú wa. Orúkọ oyè ológun ní èdè Haúsá, Farabiti, Samanja, jẹ́ kí a mọ̀ pé èdè tí wọ́n fi ja ogun Ọba Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan. A rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà a dáké lẹ́nu wa.

Ṣùgbọ́n orí Wingate ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀, ní Cairo, kí a tó rí Ali Banana. Ìsínwín, ìbẹ̀rù àti ìfẹ́ láàrin ẹgbẹ́ ni ó gba ọkàn òǹkọ̀wé. Ìpèsè àwọn ọmọ ogun Wingate láti òfuurufú ni, nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ń já láti sánmà bí òjò, kò sì sí ẹni tí ń bi òjò pé ibo ni ó ti wá. Bándélé fi ọmọ Nàìjíríà sí àárín ìtàn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà fún ara wọn. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, a sì jẹ ẹ́ ní gbèsè lórí rẹ̀, òun tí ó kú ní Èkó ní 2022. Síbẹ̀, sójà ni ó gbà padà fún wa. Aláàárù ṣì ń dúró.

Àwọn lámèyítọ́ kan yóò takò mí níbí. Wọn yóò ní iṣẹ́ ọnà kì í ṣe ìwé ìṣirò ọjà. Pé ìjà ni ó ń mú eré dùn, pé ènìyàn kò lè fi ogójì ojú-ìwé sọ bí a ti ń di àpò ìrẹsì. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi wọ́n: èwo ni ó mú ni lọ́kàn jù nínú gbogbo ìtàn tí mo ti sọ yìí, ìbọn tí ó dún ní etí odò Kaladan, tàbí àwo oúnjẹ tí àgbẹ̀ kan ń gbé wọ inú igbó, tí ó ń wo ẹ̀yìn bí ó ti ń lọ? Ìjà wà nínú ìpèsè. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, yíyàn wà níbẹ̀, ìwà ènìyàn sì hàn níbẹ̀ ju ibi tí ìbọn ti ń dún lọ, nítorí ẹni tí ó yin ìbọn ń gba ara rẹ̀ là, ẹni tí ó gbé oúnjẹ ń gba ẹlòmíràn là.

Gbèsè wà lọ́rùn wa pẹ̀lú. Àwọn Rohingya ni ìdílé Shuyiman. Ní 2017, àwọn ológun Bọ́mà, tí a ń pè ní Myanmar báyìí, kọlu àwọn ènìyàn yìí. Àwọn tí wọ́n sá lọ sí Bangladesh ju 700,000 lọ. N kò gbọ́ kí a jíròrò rẹ̀ gidi nílé wa níhìn-ín gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá. Bí a bá ka Fádoyèbò bí ó ti yẹ, a ó mọ̀ pé ó kàn wá. Àwọn ni wọ́n bọ́ ọmọ wa nígbà tí ọkọ̀ ọba kò lè bọ́ ọ. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìlú tí ó bá gbàgbé ẹni tí ó bọ́ ọmọ rẹ̀, èmi kò mọ ẹni tí yóò bá a ru igbá tirẹ̀.

Ní kíláàsì mi báyìí, ìwé ogun èyíkéyìí tí a bá ń kà, yálà eré-onítàn ni tàbí ìtàn àròsọ, mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ojú-ìwé tí ẹnì kan ti jẹun níbẹ̀, kí wọ́n sì sọ ẹni tí ó gbé oúnjẹ náà wá fún mi. Nígbà púpọ̀, wọn kì í rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà lọ́nà mìíràn. Mo tún ń ní kí ẹni tí ó bá ní àgbàlagbà nílé lọ bi í bóyá ẹnì kan nínú ìdílé wọn bá ogun lọ, kí ó sì béèrè ohun tí ó rù kí ó tó béèrè ẹni tí ó pa. Àwọn kan ti mú ìtàn padà wá. Àwọn mìíràn padà wá sọ pé ẹni tí ì bá sọ ọ́ ti lọ.

Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ ìkẹyìn yìí. Bàbá ojúlé kejì ní Mushin sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún mi ní gbólóhùn mẹ́ta, mo sì fi í ṣe orin. Ẹrù ni ó rù. N kò bá a béèrè ibi tí ó ti gbé e, n kò béèrè bí ọ̀nà ṣe jìn tó, n kò sì béèrè orúkọ ẹni tí ó jẹ ìrẹsì náà.